Àwọn Ọmọ Ogun Abẹ́ Omi ti Ifangni

Nígbà tí Mìkáílù kú ní Ifangni, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ tó ṣe lábẹ́ omi. Fábíyìí ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ará Ko-Koumolou, tó ń mu ọtí sódábì láàárọ̀ tó sì ń pè é ní oògùn ikọ́. Àwọn méjèèjì jọ kúrò nílùú nígbà ọ̀dọ́, ojú kò tún rí wọn fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì jọ padà lọ́jọ́ kan náà, àwọ̀ wọn ti ṣí bí ewéko tí a da igbá bò. Wọ́n ní ilẹ̀ Faransé làwọn ti ń bọ̀, pé inú ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi làwọn wà.

Ìlú kò gbà á gbọ́ tán. Mìkáílù kò mọ omi wẹ̀, bí òjò bá sì ṣú, òun ló máa ń kọ́kọ́ sá wọlé. Wọ́n bi í léèrè títí. Ó ní ẹni tó bá mọ omi wẹ̀, wọn kì í gbà á sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó lè fẹ́ jáde. Àwọn ọmọdé fi í kọrin. Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀, kì í dá sí i, á kàn máa koná rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín nígbà tí Fawziath, ọmọ ọmọ wọn, rí ọkọ ní Daagbé. Ìbráhímù, bàbá ọkọ, jẹ́ òṣìṣẹ́ dùánì ní bodè tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tú ẹrù ẹlẹ́rù. Kì í fẹ́yàwó fọ́mọ láìwádìí: wèrè ńkọ́, ẹ̀tẹ̀ ńkọ́, olè ńkọ́. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ọkọ̀ abẹ́ omi yìí.

"Mi ò ní fẹ́ ọmọ nílé òpùrọ́," ó wí. "Màá wá sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ, kí n fetí ara mi gbọ́ irú ènìyàn tí olóògbé jẹ́."

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti wọ ọ̀fun Fawziath mọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, kò sì fi bò. Ràbíátù wò ó, wò ó, ó gun alùpùpù zémìjáàn, ó di Ko-Koumolou lọ́dọ̀ Fábíyìí.

"Bàbá Fúnláyọ̀, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ lójú àwọn àna."

"Ìyàwó wa, kí ni kí n sọ? Ifangni ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tán."

"Ẹ sọ bí ẹ ṣe gbé níbẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Èmi? Kí n fi nǹkan kún ọ̀rọ̀?"

"Ẹ má sì mu nǹkan kan kẹ́ ẹ tó wá."

Èyí ló ká Fábíyìí lára jù. "Bon, ó dáa," ó wí nígbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ fìdáù, bí àlùfáà ṣe ṣàdúrà tán ni Ìbráhímù ti tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ní ẹni tó bá mọ olóògbé níbi iṣẹ́ kó wí. Fábíyìí dìde. Ojú rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó ní òun á fẹnu kan irin. Àlùfáà ní ibí kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀. Ìbráhímù ní kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Fábíyìí fẹnu kan irin, ó ní bí òun bá purọ́, kí Ògún má jẹ́ kí òun délé.

"Ìjọba ló mú wa," ó wí, "ìjọba náà ló ń bọ́ wa. Ilẹ̀kùn irin ni. Tí wọ́n bá ti tì í, ó parí, o ò lè ní o gbàgbé fìlà síta. A pọ̀ ju ibùsùn lọ. Mìkáílù á dìde, èmi á dùbúlẹ̀ síbi tó ṣì gbóná. Oòrùn, àfi tí ọ̀gá bá fẹ́. Láràárọ̀ wọ́n á kà wá, bí ẹni pé ẹnì kan lè ti yà sọ́jà Lagbé. Afẹ́fẹ́ ṣọ̀wọ́n. Alẹ́ tí wọ́n bá fún wa ní ẹ̀wà, ọ̀rẹ́ kì í mọ ọ̀rẹ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ibà dá mi dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Mìkáílù fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó wà lórí ìdúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi mímu rẹ̀ ló ń dà sórí mi. Ǹ bá ti kú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà ju ọmọ ìyá mi lọ, n kò sì sọ fún un rí."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Wọ́n fún yín láṣọ?" Ìbráhímù bi í.

"Wọ́n fún wa. Ọjọ́ tí a ń jáde ni wọ́n gbà á padà."

"Pẹ̀lú nọ́ńbà?"

"N kò ní gbàgbé tèmi títí n ó fi kú."

Ìbráhímù yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní látìgbà tí òun ti wà ní bodè, òun mọ irọ́ láti òkèèrè. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi, ẹja ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, ọkùnrin yìí kò sì dárúkọ ẹja kan. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mú ọjọ́ ìyàwó. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Fawziath bú sẹ́kún ayọ̀, wọ́n sì ń rọ̀ ọ́ pé kó lọ jẹun.

Ràbíátù di ìrẹsì àti ẹran fún Fábíyìí, ó sìn ín dé etí títì.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Fúnláyọ̀, ẹ ò purọ́ kankan," ó wí nígbà tí zémìjáàn dúró, "àmọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀yin méjèèjì lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n, bàtà mi kò tutù rí."