Ìròyìn Aago Méje

Atúnrédíòṣe fi itọ́ sórí ìka, ó fi kan irin pẹlẹbẹ tó ń dín agbára bátìrì kù nínú rédíò náà. Itọ́ hó ṣàà.

"Háà, Mọ́mì! Bátìrì ọ̀kadà lẹ so mọ́ rédíò kékeré yìí? Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kàn dákẹ́. Ó lè jólé o!"

"Ẹ ṣáà bá mi yára. Ó ku díẹ̀ kí Fọláṣẹwà wa ka ìròyìn aago méje."

Ọkọ ìyá náà, tíṣà àgbà tí gbogbo Àpòmù mọ̀, ti jókòó, wọ́n ń retí ohùn ọmọ wọn.

Atúnrédíòṣe pààrọ̀ irin náà, ó fi bátìrì tó bá rédíò náà mu sí i. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde ketekete. Ó fọwọ́ kan irin náà: ó tutù bí omi àmù. Inú rẹ̀ dùn.

Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn rédíò. Wọ́n dúró, dúró. Ojú wọn fà ro.

"Mọ́mì, ṣé ohùn ẹ̀ ò dáa ni?"

"Etí wọn ti di, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Bí ẹ̀yìn rédíò bá ti ń gbóná ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọmọ wọn ń sọ̀rọ̀."

Bàbá kígbe bo ohùn ọmọ wọn mọ́lẹ̀: "Kí ló ṣe Fọláṣẹwà tí ò sọ̀rọ̀ lónìí?"