Eyín Tí Kò Gba Oyin

Ọjọ́ ìkómọ ni, gbogbo ẹbí ti pé. Bàbá Adégòróyè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ìka bọ oyin kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Dídùn là ń bá nílé olóyin..."

Ìka kò tí ì dé ètè bàbá tí eyín àtọwọ́dá tí ìjọba kì sẹ́nu gbogbo alátọ̀gbẹ fi pa dé gbàgà.

"Ẹ má bínú, sà," ni eyín wí. "Oyin ti di èèwọ̀ yín. Ẹ fi orógbó wúre."

Inú bí bàbá. Tíì ni eyín yìí gbà lẹ́nu rẹ̀ lánàá, àdúrà ló tún fẹ́ gbà lónìí! Ó fà á yọ, ó sọ ọ́ sápò, eyín ń pariwo níbẹ̀.

Bàbá tọ́ oyin wò, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ lá ètè, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Kò séyín lẹ́nu ìkankan nínú wọn.