Ohùn Inú Ilé Ìwẹ̀

Ìbídùn àti Adégòkè ọkọ rẹ̀ nìkan ni àlejò tó kù ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí Eléní àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bójú tó ní erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, Adégòkè lọ lúwẹ̀ẹ́ lókun. Kò pẹ́ tí Ìbídùn gbọ́ omi nínú ilé ìwẹ̀ yàrá wọn.

“Ìbídùn, bá mi mú aṣọ ìnura.” Ohùn ọkọ rẹ̀ ni.

Ó dìde, ó mú un, àfi bó ṣe rí i pé ilẹ̀ gbẹ táútáú láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹni tó ti òkun dé. Ìgbà náà ni Adégòkè pè é láti ìsàlẹ̀: “Ìbídùn, sọ̀ kalẹ̀, Eléní ti gbé oúnjẹ wá.”

Omi náà dákẹ́.

“Má dá a lóhùn,” ni ohùn inú ilé ìwẹ̀ rọra wí. “Èmi kọ́ nìyẹn.”

Ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.