Akínwándé Ní "Mo Kọ̀ Ọ́," Òkun Ní Òun Ń Bọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ "Àmín" síbẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìparí ná, torí ẹnu la fi ń ṣe Àmín, etí la fi ń gba ìkìlọ̀.

1.
Akínwándé, télọ̀ kan ní Okokomaiko, jagunjagun àdúrà ni. Ohunkóhun tí kò bá dùn mọ́ ọn létí, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Mo kọ̀ ọ́! Kì í ṣe ìpín mi!" Bí oníbàárà bá ní apá búbá òun há jù, ó kọ̀ ọ́. Mojísọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Akin, tí dókítà bá ní o ní ibà, wàá kọ ibà, wàá kọ dókítà."

Ìgbéyàwó wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ìjọ rán Akínwándé lọ wo erékùṣù kan lódìkejì omi Ọ̀jọ́, bóyá ibẹ̀ á dára fún àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mojísọ́lá ní òun á bá a lọ. Kò mọ omi wẹ̀ o.

2.
Adágún ńlá kan wà láàárín erékùṣù náà. Òkun wà lẹ́yìn adágún, iyanrìn tóóró ló sì pààlà sáàárín méjèèjì. Baba Àlàbá, àgbà Àwórì tó ń háyà skútà, alùpùpù kékeré, fún àlejò, nàka síbẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ máa gùn ún yí adágún ká bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, ẹ má gba orí iyanrìn yẹn padà. Òkun á gorí ẹ̀ wọnú adágún, á gbé yín lọ."

"Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù! Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀ ikú sí wa lára. Kì í ṣe ìpín wa!"

Ẹnu ya bàbá. "Mi ò ṣépè fún ọ. Ọ̀nà ni mò ń júwe."

"Ọlọ́run tó la Òkun Pupa fún Mósè ni mò ń sìn."

"Ó dáa. Ṣé Mósè gun skútà?"

Mojísọ́lá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fà á láṣọ. "Akin, jẹ́ ká gbọ́ ti bàbá."

"Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré." Ó ṣáná sí skútà, ó di fùú!

3.
Ọ̀nà dùn. Atẹ́gùn ń fẹ́, igi àgbọn tò lọ rẹrẹ. Wọ́n rí ibi tó tẹ́jú, Akínwándé kúnlẹ̀, ó ń gba ilẹ̀ náà fún Jésù. Àdúrà wọra, oòrùn ń lọ.

"Akin, oòrùn ti kọjá àtàrí."

"Orí iyanrìn ló yá jù. Gùn ún!"

Wọ́n dé àárín rẹ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ lá táyà. Èkejì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kẹta gbé skútà jù sínú adágún bí ẹni ju páálí. Omi dé àyà wọn.

"Akin! Mi ò mọ omi wẹ̀!"

Akínwándé la ẹnu pé kóun sọ "Mo kọ̀ ọ́," omi iyọ̀ kún un. Ó gbé Mojísọ́lá kọ́ èjìká, iyanrìn ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àdúrà tòótọ́ jáde: "Olúwa, agídí mi ni. Má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sí i!"

Ohùn kan dáhùn láti ojú adágún: "Dúró gbọin! Má rìn o!"

Baba Àlàbá ni, nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó ń wa àjẹ̀ kíkankíkan. "Gbé ìyàwó wọlé ná!" Lẹ́yìn náà ló fa Akínwándé wọlé. Halelúyà! Òkun kò rí ẹnì kankan gbé mì!

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ mi láàárọ̀, mo máa ń tètè gbé àjẹ̀ mi sítòsí dè é."

4.
Skútà wà nísàlẹ̀ adágún. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí Akínwándé fi ń yangàn ló tà láti fi ra skútà mìíràn fún bàbá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ìyàwó wà láàyè, Baba Àlàbá sì jókòó síwájú ìjọ. Akínwándé gba gbohùngbohùn:

"Ẹ̀yin ará, mo ké sí Ọlọ́run pé kó gbà wá. Ó ti rán ángẹ́lì láti àárọ̀! Skútà ló ń háyà, èmi ni mo kọ̀ ọ́!"

Ariwo Halelúyà sọ. Àwọn ìyá ìjọ ń jó, bàbá náà ń jó.

Ìwọ tó ń kà á, Èṣù ló ní kí Jésù bẹ́ látorí tẹ́ńpìlì, kí ángẹ́lì gbà á. Jésù kò bẹ́. Gbogbo ìkìlọ̀ kọ́ ni èpè. Bí onílé bá ń júwe ọ̀nà fún ọ, pa "mo kọ̀ ọ́" mọ́nú, kí o gbọ́. Fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gba ọ̀rọ̀. Bó bá ní òun kọ̀ ọ́, tún fi ránṣẹ́ sí i.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.