Kupina Ẹ̀yìn Ilé Stamenka

Bẹ́líìtì ni Vukasin ń so kọ́kọ́rọ́ géètì mọ́. Láti ìgbà òtútù tí Stamenka, ìyá rẹ̀, ti ṣubú sínú yìnyín lójú ọ̀nà odò, géètì náà kì í wà ní ṣíṣí mọ́. Òdìkejì odò ni Rada, àbúrò Vukasin, ń gbé. Ilẹ̀ bàbá wọn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í kí ara wọn. Rada ti bímọ. Stamenka kò tíì fojú kan ọmọ náà.

"Jẹ́ kí n lọ wò ó, Vukasin. Ọjọ́ kan péré."

"Màmá, ẹ tún fẹ́ lọ ṣubú? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ilé yìí ò lé yín o."

Ògiri ló wà níwájú ilé. Lẹ́yìn, kupina ló ṣe ọgbà, igi eléso dúdú tí ẹ̀gún rẹ̀ dà bí èékánná ológbò, tí wọ́n nà mọ́ wáyà mẹ́ta. Nígbà tí Vukasin wà lọ́mọdé, ó já sínú rẹ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sún mọ́ ọn mọ́. Èyí tí ìyá rẹ̀ bá fi ṣúgà sè nìkan ló ń jẹ.

"Ẹ̀gún yẹn ń ṣọ́ yín ju ajá lọ," ni ó máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Darinka, aládùúgbò wọn, a máa dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, á na ife kọfí sí Stamenka gba orí ọgbà. Lọ́jọ́ kan, korobá ló nà sí i. Ẹ̀ka kupina kan tó ti ta gbòǹgbò ló wà nínú rẹ̀.

"Láti ìlú Čačak ni wọ́n ti mú un wá fún mi. Gbìn ín sígun ọgbà yẹn."

"Ẹyọ kan ṣoṣo yìí?"

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ìyá arúgbó. Àbí o níbi tí ò ń kánjú lọ?"

Stamenka gbìn ín. Nígbà tó gùn tán, ó tẹ orí rẹ̀ bọ ilẹ̀, ó gbé òkúta lé e, torí ibi tí orí kupina bá ti kan ilẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò. Lọ́dún kejì, ó di mẹ́ta. Ó hú àwọn ògbólógbòó igi kupina tó wà nígun náà, ó sun wọ́n. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ rí bó bá wà níbẹ̀. Lálẹ́, á fi àkísà di ìka.

"Ẹ̀gún tún ya yín?"

"Wọ́n ya mí, ọmọ mi. Ta ni wọn kì í ya?"

Lọ́dún kẹta, Vukasin lá ṣíbí èso sísè, ó yà á lẹ́nu. "Màmá, kí lẹ bu sí i? Èso ọdún yìí tóbi bí àtàǹpàkò!" Ológbò Darinka ń gba igun náà wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Vukasin fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Má lọ́gbọ́n o, títí ẹ̀gún á fi bó ọ láwọ."

"Ọmọ Rada ti ń sọ̀rọ̀," ni Stamenka wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ṣé kí n kú kí n tó gbóhùn rẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ má dá mi lágara."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò bá a jà. Ó ní ṣúgà tí òun fẹ́ fi se èso ti tán. Vukasin ti géètì, ó lọ sí ìlú lọ ra ṣúgà.

Nígbà tó dé, géètì ṣì wà ní títì bó ṣe fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni nínú ilé. Ó pè, pè, kò gbọ́ ìdáhùn. Ìbọ̀wọ́ awọ ìyá rẹ̀ ló rí lórí wáyà nígun ọgbà, ó sì rò pé ìyá arúgbó ti já sínú ẹ̀gún.

Ó di ojú, ó ki ọwọ́ tó lápàá bọ inú ewé, ó ń retí kó ya á, ṣùgbọ́n láti ìdí dé orí, kò sí ẹ̀gún kan ṣoṣo lára gbogbo igi igun náà, koríko òdìkejì ọgbà sì ti tẹ̀ síhà odò.