Eyín Iwájú Màmá

Charity, ìyàwó Ajíbóyè, ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ eyín náà wá sí gbangba nílé wa ní Òde-Ayé, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí a ti ìsìn dé. Ó ní Màmá kò kọrin mọ́.

Òótọ́ ni. Gbogbo ìjọ ló mọ ohùn Màmá. Tí wọ́n bá wọ sùtànà tí wọ́n sì gbé orin, àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á dìde. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu, tí wọ́n kàn ń kùn sínú. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn ló pè wọ́n ní ehoro.

Eyín òkè wọn méjì ló yọ síta. Ètè wọn kì í pàdé, àfi tí wọ́n bá fi agídí pa á dé. Wọn kò lè fi eyín iwájú gé àgbàdo. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń họ ọ́ jẹ.

Nílé wa, Màmá la kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún. Tí a bá fi ọbẹ̀ ẹja jẹ púpurú ẹ̀gẹ́, àwọn ló ni orí ẹja. Láàárọ̀, Ajíbóyè, olórí ilé, á dọ̀bálẹ̀ kí wọn kó tó gbé àdá lọ sí oko ọ̀pẹ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pariwo mọ́ wọn, àfi Charity, ìyẹn tí wọ́n bá sá fún omi wíwẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Charity mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Okitipupa. Màmá jókòó sáàárín òun àti ọlọ́kadà, nígbà tí wọ́n dé, Charity gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Olúyọmí ni dókítà náà ń jẹ́, obìnrin tí kì í kánjú. Ó ní kí Màmá la ẹnu, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n tún là á. Ó fi rúlà kékeré kan wọn àlàfo tó wà láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó bèèrè bóyá wọ́n máa ń mu àtàǹpàkò. Charity ní wọ́n ti jáwọ́ nínú ìyẹn.

Dókítà ṣàlàyé pé ó yẹ kí eyín òkè yọ díẹ̀ kọjá ti ìsàlẹ̀, bí ìdérí ṣe máa ń yọ díẹ̀ kọjá ẹnu ìkòkò. Ti Màmá ti yọ jù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn sì fà sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ṣubú, eyín ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó ní ohun kan wà tí wọn yóò máa fi sẹ́nu, tí wọn yóò máa yọ tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, tí yóò to eyín náà padà díẹ̀díẹ̀.

“Kò tíì pẹ́ rárá,” ló wí.

Charity ní òun ò lè dá irú ìyẹn ṣe; kí Ajíbóyè gbọ́ ná.

Ajíbóyè gbọ́, ó sì kọ̀. Kò bínú. Ó kàn kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó wo ẹnu wọn títí.

“Eyín yìí la fi mọ̀ yín, Màmá. Tí wọ́n bá tì í wọlé, ta ni màá máa kí láàárọ̀?”

Oṣù méjì kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n pín orin ìkórè nínú ìjọ, wọ́n sì gbé orin Màmá fún Aníwúrà, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn, tí ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan ṣùgbọ́n tí eyín rẹ̀ tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá ti gun orí àga ńlá inú pálọ̀ kí Ajíbóyè tó jáde. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀. Màmá kò ní kó dìde.

“Ajíbóyè, nínú èmi àti ìwọ, ta ni ìyá?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Ṣé ìyá máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ kó tó tún eyín ara rẹ̀ ṣe?”

Charity kọjú sí ògiri, ó ń fi ẹ̀rín pamọ́. Ajíbóyè ṣì wà nílẹ̀. Ó ní rárá, ìyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá rọra bèèrè bóyá wọn yóò ṣì jẹ́ Màmá tí eyín náà bá wọlé.

“Tí n kò bá jẹ́ Màmá mọ́,” ni wọ́n wí, “ta lẹ fẹ́ fún ní orí ẹja? Dìde.”

Ó dìde. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí òun fi fóònù ya eyín náà bó ṣe wà. Màmá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ọdún 2024, Ajíbóyè jókòó níwájú dókítà ní Okitipupa, ó gba bírò, ó kọ orúkọ aláìsàn sínú fọ́ọ̀mù, Yéwándé, orúkọ tó fún un nígbà tí Charity bí i ní oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú ìyá Ajíbóyè; ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án; níbi tí wọ́n sì ti bèèrè ohun tí ẹni tó ń fọwọ́ sí i jẹ́ sí aláìsàn, ó kọ ọ́ pé: bàbá rẹ̀.