Ṣíbí Kan fún Ilé Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ ààrò, kí ẹ sì fi àsálà tí ẹ̀ ń pa yẹn sílẹ̀ ná, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Ìwọ, wá jókòó síbí, ẹsẹ̀ mi ò ní gé ọ jẹ. Ọ̀rọ̀ Ilinca, ìyàwó Sandu, ni mo fẹ́ sọ, àti bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe mú un lọ sọ́jà lọ ra ohun ìdáná.

Láti ìgbà tí Ilinca ti ìlú ńlá wọ abúlé wa, kò ní ṣíbí kan tó lè pè ní tirẹ̀. Ìdí ààrò Smaranda, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ti ń dáná. Bó bá ro òkèlè àgbàdo lónìí, Smaranda á ní ó le jù. Bó bá ro ó lọ́la, á ní ó rọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tí Ilinca ń bẹ Ọlọ́run fún ni ààrò tirẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ṣí ìkòkò rẹ̀ wò.

Smaranda kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé pé àjèjì ni. Lọ́dún tí Ilinca dé, ọkọ Leana, aládùúgbò wọn, kú. Leana gbé abọ́ tuntun kan wá fún Ilinca, ó so àbẹ́là tó ń jó mọ́ ọn létí.

"Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí," ni Ilinca wí.

"Yéè! Má dúpẹ́ o! Ṣé èmi ni mo fún ẹ ni? Ọkọ mi ló máa fi jẹun lọ́run lọ́hùn-ún. Ohun tí a bá fi tọrẹ lórúkọ èèyàn, ì báà jẹ́ kó tó kú, òun ló máa bá níbẹ̀. 'Kí Ọlọ́run dárí jì í' là ń wí."

Smaranda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Ilinca bá ti ń kọjá, á pariwo pé, "Ọmọ ìlú ńlá, ẹ ṣé gan-an o!"

Àfi bí ẹnu Smaranda ṣe tutù wọ̀ọ̀ lẹ́yìn ìkórè àjàrà. Ilinca ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dín, ó fún un ní oògùn olómi, ó sì pe Sandu sóde láti sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Nígbà tí wọ́n délé, Sandu ní ó tó àkókò kí Ilinca ní ilé tirẹ̀.

"Níbo?"

"Lókè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mú mi lọ wò ó."

"Má kánjú. Kí ìrì dídì tó bẹ̀rẹ̀, wàá ti débẹ̀."

Káfíńtà wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ó wọn Ilinca láti orí dé gìgísẹ̀, ó tún wọn èjìká rẹ̀.

"Pẹpẹ àwo ni," ó ní, "kó má baà ga jù fún ọ."

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o, Bàbá Káfíńtà! Àbí èmi lẹ fẹ́ gbé sórí pẹpẹ ni?"

Ilinca nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ọjà, Smaranda wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní, "Mú èyí tó bá wù ẹ́, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ohun tí o ò lè ṣe láìní. Kò sí àyè fún ẹrù jágbajàgba níbẹ̀."

Ilinca ń fi ìka kan àwọn ìkòkò irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí sí wọn. Ó mú èyí tó dún bí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú ọmọrógùn, ó mú ajọ̀, ó mú garawa. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran, ó tún yára yọwọ́.

"Gbé e," ni Smaranda wí. "Àbí o ò ní jẹran níbẹ̀ ni?"

Nídìí ṣíbí, Ilinca mú méjì. Smaranda dá ọ̀kan padà.

"Ọ̀kan tó."

"Màmá, Sandu ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ló máa fi bu ọbẹ̀ ni?"

"Sandu á ṣì máa jẹun lọ́dọ̀ mi, títí á fi wá bá ẹ."

Ilinca rò ó pé ìyá arúgbó ò tíì lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbá ìkòkò irin mọ́yà, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

"Má dúpẹ́," ni Smaranda wí, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé.

Ní Sátidé, Smaranda pe àwọn ará àdúgbò wá jẹ àsè ilé tuntun. Wọ́n jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n mu ọtí èso, wọ́n ta káàdì, wọ́n sọ̀tàn. Ilinca to àwọn ohun èlò rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì wọ́n, ó ń ki ìkòkò bí ẹni ń ki ọmọ. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, oorun sì gbé e lọ.

Igbe àkùkọ ló jí i. Ilẹ̀ ti ń mọ́, àwọn àlejò ti ń lọ sílé wọn. Káfíńtà gbé ẹ̀rọ ìlọran, ẹnìkan gbé garawa, ẹlòmíràn mú ajọ̀. Leana ló gbé ìkòkò irin. Inú Ilinca dùn dé èékánná. Ó dìde, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé ẹ̀ ń bá mi kó wọn lọ sílé tuntun ni? Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé gan-an!"

Leana dúró, iná àbẹ́là ń jó létí ìkòkò náà, ó ń wolẹ̀, ó ní, "Má dúpẹ́, ọmọ mi, kí Ọlọ́run dárí jì ẹ́, Ilinca."